Ìwé àwòrán kan náà fún ọ̀sẹ̀ 3: ṣé kò ní sú àwọn ọmọ?

Agépáálí béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ọdún àkọ́kọ́ mi rèé nínú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 ni wọ́n sì kó fún mi. Mẹ́rin péré ni wọ́n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àmọ́ lójú mi wọ́n ju ogójì lọ. Àkọ́kọ́ kì í sọ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ: "bàtà", "omi", ó parí. Èkejì ń rojọ́ bí àgbà, ṣùgbọ́n gbogbo "k" ló ń di "t" lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ di ọtọ̀, kọ́kọ́rọ́ di tọ́tọ́rọ́. Ọjọ́ tó gbé ìwé wá bá mi tó ní "Ẹ tà á", díẹ̀ ló kù kí n bi í pé èló ni. Ẹ̀kẹta, ohun tí mo bá sọ lòun náà ń sọ: mo ní "Kí nìyí?", òun náà á ní "Kí nìyí?" Ẹ̀kẹrin kì í sọ nǹkan kan. Ó kàn máa ń wò wá bí ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wò.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkòrí tirẹ̀ àti ìwé àwòrán tuntun: ọ̀sẹ̀ ẹranko, ọ̀sẹ̀ òjò, ọ̀sẹ̀ ọkọ̀. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìdí páálí lẹ ti máa bá mi, tí mò ń gé, tí mò ń kùn, tí mò ń lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹja 24 ni mo gé. Ìṣẹ́jú 4 ni wọ́n fi ṣeré ẹja, ẹnì kan sì jẹ ìrù ọ̀kan. Ti ìwé kíkà ló tún burú jù. Mi ò ní tíì dé ojú ewé kẹta tí ọ̀kan á ti dìde, tí òmíràn á ti wà lábẹ́ tábìlì, tí á máa tú okùn bàtà mi.

Ọ̀gá mi wá ní kí n mú ìwé kan ṣoṣo, kí n má sì pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Mi ò já a níyàn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ìwé tí wọn ò jókòó tì fún ìṣẹ́jú 5, ṣé kò ní sú wọn tó bá di ọ̀sẹ̀ 3? Báwo sì ni ìwé kan ṣe fẹ́ wúlò fún ọmọ mẹ́rin tí ìṣòro wọn ò jọra? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́ Àwọn Kéékèèké dáhùn:

Àbúrò, ìwọ ló máa sú, kò ní sú wọn. Ìwé kan wà ní kíláàsì mi tí mo ti kà débi pé tí wọ́n bá jí mi lóru, mo lè kà á láìlajú. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ mí, mo ṣí ewé méjì pa pọ̀ kí n lè tètè parí. Ọmọ kan tí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín wa nawọ́, ó dá ewé náà padà, ó ní, "Rárá. Ológbò dà?" Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ìmẹ́lẹ́ mi ló sì fà á.

Ẹja 24? O kú làálàá.

Ẹ̀gbọ́n Nídìí Iṣẹ́ dáhùn:

Ọ̀gá rẹ tọ̀nà, àfi pé kò sọ ìdí ẹ̀ fún ọ. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, nínú ìwé, nídìí eré, lẹ́nu ìwọ àti ẹlòmíràn, kó tó di tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe fẹ́ máa ta gbòǹgbò báyìí ni ìwọ ń fà á tu, tí ò ń gbin òmíràn.

Àkòrí sì wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, o ò kàn rí i ni. Ọmọ wọ abẹ́ tábìlì, ó ń tú okùn bàtà rẹ, ìwọ ń pè é pé kó wá wo ẹja! Bàtà ni àkòrí yín. Wá ìwé tí ẹnì kan ti ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan tó sọnù: lábẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú àpótí, títí tó fi rí i. Tí o ò bá rí irú rẹ̀, fi fóònù ya àwòrán 8, tẹ̀ wọ́n jáde, kó o rán wọn pọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan péré ló máa gbà ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí wàá dójú lé kò gbọ́dọ̀ ju méje lọ: wọ̀, bọ́, so, tú, wá, rí, àti "kò sí". Wò ó dáadáa, kò sí orúkọ nǹkan kan nínú wọn. Ibi tí gbogbo wa ti máa ń ṣì í nìyẹn. A ó máa bi ọmọ pé "kí nìyí, kí nìyí", títí á fi ní àádọ́ta orúkọ tí kò lè so méjì pọ̀. Ọmọ tó ní "bàtà" nìkan, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ọmọ tó ní "tú", lọ́la á ní "tú u", lọ́túnla á ní "bá mi tú u". Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kúkúrú, kì í wúwo lẹ́nu ọmọdé, ẹ jẹ́ ká lò ó. Tó bá ní "bàtà", ìwọ ní "wọ bàtà". Tó bá ní "tú", ìwọ ní "tú okùn". Ẹyọ kan ni kó o fi lé e, má fi mẹ́fà lé e.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má ka ìwé náà rárá. Ṣí i, kẹ́ ẹ jọ wo àwòrán. "Bàtà dà?" Ẹ yẹ abẹ́ ibùsùn wò. "Kò sí!" Ẹ ṣí òmíràn. "Kò sí!" Tó bá di ìkẹrin, ní "Kò...", kó o wá pa ẹnu mọ́. Ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ara rẹ. Ẹ̀wá yẹn gùn o! Èmi máa ń di eyín mọ́ ètè ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo fídíò ara mi lẹ́nu iṣẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni mò ń fún ọmọ kí n tó dá ara mi lóhùn. Ojú tì mí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1988, Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pé ọdún 3. Gbogbo òbí tó wà níbẹ̀ ló ń kàwé àwòrán fún ọmọ wọn, àmọ́ wọ́n kọ́ àwọn kan láti máa béèrè ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ò lè dáhùn, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀ kún ohun tí ọmọ bá sọ. Nígbà tí oṣù kan fi pé, gbólóhùn àwọn ọmọ tiwọn ti gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Àmọ́ má sọ ìwé di ìdánwò. Èyí tó ń tún "kí nìyí" sọ yẹn, ìbéèrè rẹ ló pọ̀ jù. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ì bá sọ ni kó o máa sọ sí i létí. Tó bá ń bá okùn bàtà jà, má ní "Ṣé kí n bá ẹ tú u?" Ní "Bá mi tú u!" Nígbà náà, tó bá tún un sọ, ọ̀rọ̀ tó máa ṣe é láǹfààní ló tún sọ.

Oní-"tà á" yẹn, ẹ̀bùn gidi ló gbé fún ọ. Ẹ dá ìsọ̀ bàtà sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ yín, ti ọmọlangidi, èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀, kí òun sì jẹ́ ọ̀gá. Tó bá ní "ka bàtà", ìwọ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá ní "ta bàtà", gbé e fún oníbàárà kó máa gbé e lọ. Má ní "sọ ọ́ dáadáa". Ohun tí etí rẹ bá gbọ́ ni kó o ṣe, kó o sì ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá fẹ́ kó o kà á tí ìwọ tà á, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu òun. Ẹ̀yìn ahọ́n sì ni "k" ti ń wá. Tí ọmọ bá dùbúlẹ̀ tó kọjú sókè, ahọ́n máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì kẹ́ ẹ máa wá bàtà: "Kò sí! Kò sí!" Ọmọ ọdún mélòó ni? Torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi èyí sílẹ̀ fúnra wọn bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọdún 4, n kì í tètè dà á láàmú tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 3.

Èyí tí kì í sọ̀rọ̀, òun ni oníbàárà. Oníbàárà lè nàka sí ohun tó wù ú, má béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ṣé wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò? Òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi ọ́. Omi tó bá dúró sẹ́yìn ìlù etí máa ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ wa bí ẹni tó ki orí bọ omi, ìwé àwòrán kankan ò sì lè wo ìyẹn sàn.

Ìwé bí ìṣẹ́jú 7, eré bí 15, kẹ́ ẹ padà sínú ìwé kẹ́ ẹ tó túká. Ó tó.

Bàbá Ọlọ́mọ Kan dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èmi tí kì í ṣe oníṣẹ́ yín láàyè. Ọmọ mi náà ń gba irú ìtọ́jú yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ní ká fi Yorùbá sílẹ̀ nínú ilé, pé èdè méjì ló ń dà á lórí rú. Odidi oṣù 5 ni màmá mi fi ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí odi, torí wọn ò gbọ́ èdè kejì. Ìwé àwòrán yìí, èdè wo ni kí n máa fi bá a wò ó?

Ẹ̀gbọ́n Nídìí Iṣẹ́ dáhùn:

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí pé ẹlẹgbẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Gbígbọ́ èdè méjì kì í fa kí ọ̀rọ̀ ọmọ falẹ̀, ọmọ tí tirẹ̀ falẹ̀ náà sì lè kọ́ méjèèjì. Èdè tó bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù ni kẹ́ ẹ lò, torí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri ò lè ráyè ṣeré. Ẹ gbé ìwé náà fún màmá. Ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ lára ló dára jù, tó bá sì ní, ẹ lẹ bébà bò ó. Ẹ̀ẹ́ rí i pé màmá ní ohun tí àwa ń wá kiri: bàtà á já bọ́ "gbì", omi á máa kán "tó, tó, tó", ẹni tó ń sáré á máa lọ "kítíkítí". Àwọn wọ̀nyẹn ni ọmọ tí ẹnu rẹ̀ wúwo sábà máa ń kọ́kọ́ mú.

Agépáálí padà wá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Ọ̀sẹ̀ kejì la wà yìí. Mo ya àwòrán bàtà pupa mi kan níbi 8, mo rán wọn pọ̀.

"Kò..." Mo panu mọ́, mo ń kà. Nígbà tí mo dé eéje, ọlọ́rọ̀-kan ní "sí!" Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè. Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan, ó ní "Tú u." N ò rò pé mo ti so bàtà tí mo sì tú u tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọ̀gá ìsọ̀ máa pé ọdún 4 lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní "Ta bàtà", mo bá tà á. Mo ta gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni oníbàárà tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀gá fara ya: "Mi ò ní tẹ́ ẹ tà á! Mo ní tẹ́ ẹ TÀ Á!" Mo fi ìwé bojú torí ẹ̀rín. Etí rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kù. A dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì bí ẹ ṣe wí, ó sọ ojúlówó "kò" kan ṣoṣo, ó dákẹ́ bíi pé ó ń gbọ́ ara rẹ̀, ó tún padà sí "tò sí". Mo ṣáà ti kọ ọ́ sílẹ̀, déètì àti aago.

Ẹ̀kẹta sọ "Bá mi tú u" fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tèmi gan-an, títí dórí bí mo ṣe ń mí. Ẹ̀kẹrin ò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n máa yẹ etí rẹ̀ wò. Ní báyìí, bàtà 11 ló ti rà, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó tì wọ́n.

Èmi ló ti ń sú, òótọ́ ni Olùkọ́ sọ. Bàtà pupa mi tọ̀tún náà ò sì tíì hàn láti ọjọ́bọ̀, tí gbogbo wọn ń bá mi wá a, "Kò sí! Kò sí!", tí inú wọn ń dùn. Ẹja 24 ṣì wà nílẹ̀ o, 23 àti ààbọ̀ tí a bá yọ ti ìrù. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá kó o.