Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ ní Róòmù: ibo ni kò ti sí ariwo, kí sì ni wọn yóò jẹ?

Ìyàwó Latina: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ìyá ọkọ mi yóò ti London wọ Róòmù lọ́jọ́ Ẹtì yìí, wọn yóò lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ibi iṣẹ́ ọkọ mi kò sì fún un láàyè, nítorí náà èmi nìkan ni n ó máa mú wọn kiri. Latina ni à ń gbé, ọ̀nà tó ti Termini, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, lọ síbi iṣẹ́ mi nìkan ni mo sì mọ̀ ní Róòmù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Wọ́n fẹ́ràn ìtàn, ṣùgbọ́n ariwo kò bá wọn lára mu, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í sì í fẹnu kan wàrà tàbí ṣíìsì. Nígbà tí àbúrò wọn wá lọ́dún tó kọjá, Colosseum ni a mú wọn lọ nínú oòrùn oṣù Kẹjọ, títí dòní ni wọ́n ṣì ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ibo ló parọ́rọ́ tí ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀? Kí ni wọn yóò jẹ tí wọn kò fi ní délé Ìbàdàn sọ pé ìyàwó ọmọ àwọn fi ebi pa àwọn? Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wo ni a sì lè lọ lọ́jọ́ Ìsinmi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Testaccio: Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: ẹ má ṣe jókòó sídìí tábìlì kankan ní gbàgede tí àwọn arìnrìn-àjò ń pọ̀ sí láìjẹ́ pé ẹ ti ka iye owó. Nígbà tí àwọn àna mi wá kí wa, mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mo ti di ọmọ ìlú, mo ní kí gbogbo wa jókòó níwájú orísun omi kan láti mu kọfí. Kọfí mẹ́rin àti kéèkì méjì péré, owó tí mo san tó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan nílé mi, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dúró ti káńtà mu irú kọfí kan náà kì í san tó euro méjì. Olè ni wọ́n.

Bùọ̀dá Garbatella: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, kò sẹ́ni tó jà yín lólè. Wọ́n máa ń kọ iye owó síbi tí ojú ti lè rí i, ti al banco, ìyẹn ìdúró ti káńtà, lọ́tọ̀, ti al tavolo, ìyẹn ìjókòó sídìí tábìlì, lọ́tọ̀. Àga ni ẹ yá, kì í ṣe kọfí ni ẹ rà.

Ìyá Ìbejì Napoli: Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ìyá nílé. Ìyá ọkọ ènìyàn, tí orúnkún ń dùn, ni kí ó dúró ti káńtà láàárín àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí gbígbóná? Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Ẹ san owó àga náà, kí ẹ sì dákẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Testaccio: Ìyá Ìbejì, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́, kí n mọ ibi tí a ó ti gba owó àga Màmá.

Bùọ̀dá Garbatella: Ọ̀nà wà láàárín méjèèjì. Ẹ kúrò ní gbàgede, ẹ wọ àdúgbò tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń gbé, ẹ ó rí ilé kọfí tí kò gba kọ́bọ̀ lórí àga. Kí ẹ tó jókòó, ẹ sáà bi wọ́n pé: «Al tavolo costa di più?», ìyẹn ni pé, ṣé owó rẹ̀ ń lé sí i bí a bá jókòó?

Ní ti ibi tó parọ́rọ́, Centrale Montemartini ní Via Ostiense ni mo fara mọ́. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n ṣí ní 1912 ni, ní 1997 ni wọ́n sì kó àwọn ère ayé àtijọ́ láti orí òkè Capitolino wá síbẹ̀, tí wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn ẹ́ńjìnnì dúdú ràgàjì-ràgàjì tí wọn kò hú kúrò. Ẹ ó rí ère obìnrin funfun kan tí kò ní apá mọ́, irin ńlá yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ, ìró bàtà ara yín nìkan ni ẹ ó sì máa gbọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń tì í.

Ìyá Ìbejì Napoli: Ṣé àwọn ère yẹn wọ aṣọ? Tíṣà àtijọ́ lè bọ́ ìborùn lọ́rùn kí ó fi bò wọ́n o.

Àǹtí Esquilino: Ẹ ń sọ̀rọ̀ ère, ẹ wá fi ti ènìyàn dúdú sílẹ̀. Kò jìnnà sí Termini tí ìyàwó wa mọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore, níbi ìrìbọmi, ẹ ó rí ère Nsaku Ne Vunda tí wọ́n fi òkúta dúdú gbẹ́ orí rẹ̀, tó wọ aṣọ oníhò bí àwọ̀n. Aṣojú ọba Kóńgò sí Póòpù ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìrìn àjò rẹ̀ gbà, àwọn ajalèlókun sì jà á lólè lójú omi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1608 tó fi dé Róòmù, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí ó tó kú. Póòpù Paul Karùn-ún fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò lórí àkéte. Tíṣà ìtàn ni Màmá: ẹ mú wọn dúró níwájú ère yẹn, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀yin gan-an lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dé ibẹ̀ ní kùtù, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti sin Póòpù Francis síbẹ̀ ní 2025, ìlà tó ń lọ síbi sàréè rẹ̀ kì í kéré. Bí ẹ bá jáde, ẹ gba ọjà Esquilino kọjá, ẹ ra iṣu àti ata rodo.

Ìyàwó Latina: Ẹ ṣé o, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní kí n mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Clemente. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ìsinmi náà sì ńkọ́?

Bùọ̀dá Garbatella: San Clemente dára, ilé ìsìn mẹ́ta ló wà lórí ara wọn níbẹ̀, ẹ ó tilẹ̀ gbọ́ omi tó ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ kì í ṣe ti orúnkún Màmá. Ẹ mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Agostino dípò rẹ̀, lẹ́yìn Piazza Navona. Ẹ wo àwòrán tí Caravaggio kùn: arìnrìn-àjò méjì kúnlẹ̀ níwájú Màríà, ọkùnrin náà kọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sí wa lójú, ó sì dọ̀tí kanlẹ̀. Ilé ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ Ọ̀yọ́ tàbí Ìsẹ́yìn. Ẹ kò ní san owó ìwọlé. Ẹ má lọ lọ́sàn-án o, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níhìn-ín máa ń tilẹ̀kùn láti bí aago méjìlá ààbọ̀ títí di aago mẹ́rin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Testaccio: Ti ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ́ kí n bi ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ṣàkì ní Róòmù! Odò ẹran ńlá ìlú wà ní Testaccio níhìn-ín láti ìparí 1800 títí di 1975, inú ẹran àti ìrù tí àwọn ọlọ́lá kò fẹ́ sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di oúnjẹ tí àwọn olówó ń wá jẹ lónìí. Trippa alla romana a rọ̀ múlọ́múlọ́ nínú tòmátò àti ewé mentuccia. Ẹ sọ fún wọn pé «senza pecorino», ìyẹn láìsí pecorino, nítorí ṣíìsì yẹn ni wọ́n ń wọ́n sórí rẹ̀ bí ẹni ń wọ́n gààrí sórí ẹ̀wà. Ẹ ní kí wọ́n gbé cicoria ripassata tì í, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi aáyù àti ata gbígbẹ dín. Bí Màmá kò bá fẹ́ ṣàkì, coda alla vaccinara wà, ìrù màlúù ni. Ẹ fi ata gígún tiwa sínú báàgì, kí ẹ má fi hàn wọ́n o.

Ọmọ Ìbàdàn Peckham: Ẹ ti dá itọ́ sí mi lẹ́nu. Ṣàkì tí kò bá àmàlà rìn, tí gbẹ̀gìrì kò sí lábẹ́ rẹ̀, mo bá a kẹ́dùn. Ní Peckham, a rí gbogbo rẹ̀ rà, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó ń bá mi ṣàròyé bí alámàlà Bódìjà ṣe máa ń ṣe, tí yóò bú mi tán kí ó tó fi ẹran kan sí i.

Bàbá Torino: Mo ti dákẹ́ títí. Kí ló dé tí ẹ ń fi ìyá arúgbó wá ìparọ́rọ́ nínú ìlú aláriwo? Kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Torino. Abẹ́ òrùlé ni ènìyàn ń rìn níbi púpọ̀ nínú ìgboro wa, òjò kò ní pa Màmá, kò sì sẹ́ni tó ń dúró mu bicerin, kọfí wa oníṣokoléètì.

Bùọ̀dá Garbatella: Bàbá, wàrà ló wà lórí bicerin. Ẹ kò ka ọ̀rọ̀ ìyàwó wa dé ìdajì.

Ìyá Ìbejì Napoli: Ẹ má dá Bàbá lóhùn, òtútù ti wọ̀ wọ́n lára. Àgbàlá Santa Chiara níbí ni kí wọ́n wá jókòó sí, láàárín àwọn òpó tí wọ́n fi táìlì tí a ya òdòdó sí wé, kí wọ́n wá bá mi jẹ ẹja baccalà nílé.

Bàbá Torino: Baccalà oníyọ̀ yẹn? Stoccafisso, ẹja gbígbẹ tí kò níyọ̀, ni ẹja. Norway kan náà ni Ítálì àti àwa ti ń rà á. Àwọn ará ibí ń mú ara ẹja, orí rẹ̀ ni wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà.

Ìyá Ìbejì Napoli: Orí náà ló dùn jù nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ bi ìyàwó yín.

Àǹtí Esquilino: Bàbá Torino, ẹ fi ẹja sílẹ̀ ná. Èló ni wọ́n ń ta iṣu Gánà ní ọjà Porta Palazzo yín báyìí? Èyí tí mo rà níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ̀ láti gún, ó kàn ń ya nínú odó ni.

Bàbá Torino: Owó rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, ṣùgbọ́n tiwa ń fà.