Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí làpálàpá tó ń padà: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i. Ìbéèrè náà ni pé kí ló dé tí làpálàpá abẹ́ itan fi ń lọ, tó tún ń padà. Ìdáhùn rèé kí n tó pa á dé.

Ìpara tí wọ́n po betamethasone tàbí clobetasol (àwọn oògùn steroid) mọ́ ló sábà máa ń fà á. Yíyún á dáwọ́, pupa rẹ̀ á sì rọ, àmọ́ ńṣe ló ń dín agbára tí ara fi ń bá fungus tó ń fa làpálàpá jà kù. Ẹni tó bá dá a dúró á rí i pé ó tún fẹ̀ sí i.

Ìpara clotrimazole (oògùn tó ń pa fungus) ìdá 1 nínú 100, tí kò ní àdàlù kankan, ni kí ẹ lò: ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ fi í kọjá etí làpálàpá náà ní sẹ̀ǹtímítà 2 yíká, torí etí yẹn ló ti ń gbilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ tí yíyún bá lọ. Kí ara ti mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 ná.

Ẹ wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń bó funfun níbẹ̀, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ tọ́jú méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ ṣáájú pátá, kí pátá má baà gbé e gòkè. Táwẹ̀lì ẹsẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti orí àti ti èékánná, oògùn oníhóró ni dókítà sábà máa ń kọ fún un. Bí ọ̀sẹ̀ 4 bá pé tí kò yí padà, kí wọ́n ha awọ ibẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìdí ni pé àìsàn awọ míì náà máa ń rí roboto bíi làpálàpá.