Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó wá sí Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, báwo lẹ ṣe dẹni tí wọ́n ń kà mọ́ra?

ÌYÀWÓ DÓKÍTÀ, Parakin, Ifẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹnì kan béèrè lánàá pé òun àtìyàwó òun fẹ́ kó kúrò l'Ékòó wá s'Ífẹ̀, àwọn ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ṣé àwọn á réèyàn bá ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ wá ń gùn, mo ní kí n kúkú gbé e wá síbí kí kálukú sọ bó ṣe rí fún òun.

Télọ̀ ni mí, Mushin la ń gbé tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá. Àwọn oṣù tá a kọ́kọ́ dé yẹn, kò sẹ́ni tó bú wa, kò sẹ́ni tó yọjú sí wa, wọ́n kàn ń wò wá ni. Ẹ mọ irú wíwò tí mò ń wí? Tó o bá ń kọjá, bàbá tó jókòó síwájú ilé ẹ̀ á dín ohùn rédíò kù, á wò ẹ́ títí wàá fi yà sí kọ̀rọ̀, á tún yí rédíò sókè padà. Ní Mushin, tó o bá ní kó o máa kí gbogbo ẹni tó o bá pàdé lọ́nà, wọ́n á ní owó lo fẹ́ tọrọ. Níbí, tó o bá kọjá lára èèyàn láì sọ pé ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, wọn ò ní bá ẹ jà o, wọn ò kàn ní ṣe bí ẹni pé o wà níbẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá wá kí wọn tán, ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè. Màmá tó ń dín àkàrà ní kọ̀rọ̀ wa ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi di àkàrà, wọ́n ní ilé ta lẹ̀ ń gbé, mo dáhùn, wọ́n ní ṣé tòkè àbí tìsàlẹ̀, èló ni bàbá onílé gbà lọ́wọ́ yín, ọmọ ibo lọkọ, kí ló ń ṣe, ọmọ mélòó lẹ bí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dáwọ́ dúró. Àkàrà ọ̀hún ṣì wà nínú epo o! Ọmọ Èkó á ní kí ló kàn yín ńbẹ̀. Lójú tèmi ṣá, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa gbé ẹ sí ni, ìyàwó ta, ilé ta, ọmọ ìlú wo. Tí wọn ò bá tíì mọ ìyẹn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bá ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ìyàwó dókítà ló kó dé. Ọkọ mi kì í ṣe dókítà o, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ló wà ní ọsibítù. Ó ṣàlàyé títí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n ṣì ń pè é ní dókítà, wọ́n á kanlẹ̀kùn lóru pé dókítà ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá wa wo ọmọ yìí, ara ẹ̀ gbóná. Kí ló fẹ́ ṣe? Á wọ bàtà, á bá wọn wá kẹ̀kẹ́, á tẹ̀ lé wọn débi tí wọ́n á ti rí dókítà gidi.

Ti ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lápá Lágere, mi ò tíì gba iṣẹ́ kan tó lórúkọ táwọn obìnrin kan fi wọlé tọ̀ mí wá, àǹkárá kan náà ni wọ́n wọ̀, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní ẹgbẹ́ télọ̀ làwọn, níbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, ta lọ̀gá mi, ìwé fíríídọ́ọ̀mù mi dà. Mo gbé e jáde, wọ́n kà á látòkè délẹ̀. Wọ́n wá ka owó ìwọlé fún mi, owó ìpàdé, fáìnì tí mo bá pẹ́, fáìnì tí mi ò bá wá rárá. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn ju kí n sọ ọ́ lọ, mo délé mo sọ fún ọkọ mi pé àwọn yìí fẹ́ fi mí jẹun ni. Mo san án ṣá, torí tó ò bá san, wọ́n lè wá gbé orí máṣìnnì ẹ lọ.

Ìpàdé tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Kó tó tú, ẹnì kan ti júwe ibi tí wọ́n ti ń ta láínìn tí ò wọ́n fún mi, ẹnì kan ní ọmọ iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun jù, òun á fún mi lẹ́nì kan. Nígbà tí ọdún Ọlọ́jọ́ wá dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ifẹ̀, ẹ mọ̀ pé gbogbo ìlú ló ń ránṣọ nígbà náà, torí kálukú ló fẹ́ wà l'Ẹ́nuwá lọ́jọ́ tí Ọọ̀ni bá dé adé Ààrè jáde. Ọ̀gá télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí tèmi gan-an, ẹni tá a jọ ń du kọ́sítọ́mà, àwọn ló ń kó èyí tó ju agbára wọn lọ wá fún mi, wọ́n á ní kí n rán an, kọ́sítọ́mà ò ní mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Àwọn oníná ń fi òní dọ̀la, alága àdúgbò bá kanlẹ̀kùn wa, wọ́n ní iye tó kan ilé kọ̀ọ̀kan rèé. Ọkọ mi ní sà, a ò tíì pẹ́ níbí o. Alága ní ṣé iná tẹ́ ẹ ń tàn láti ọjọ́ yìí, wọ́n fi ń kí yín káàbọ̀ ni? A dáwó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi wá sínú WhatsApp àdúgbò, látìgbà náà ni mo ti ń mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣaláìsí, ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ ò wálé. Mi ò mọ̀ bóyá bó ṣe rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn o, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti béèrè owó lọ́wọ́ ẹ tí wọn ò bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbà ẹ́ nìyẹn. Àlejò ni wọ́n máa ń bẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.

ỌMỌ ALÁÀFIN, Iléṣà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì ilé ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́, ilé bàbá wọn gan-an la kọ́kọ́ gbé. Ọmọkùnrin tí ò tíì wọ sẹ́kọ́ńdìrì á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní ìyàwó wa, ẹ fún mi lómi. Ọkọ mi nìyẹn o, inú ilé ni mo bá a, mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹ̀. Mo sọ ọ̀kan ní Àkọ́wé, ọ̀kan Adúmáadán, èyí tí eyín ẹ̀ funfun mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, làwọn tó kù bá ń bá mi jà pé kí wá ni orúkọ tiwọn. Bí àwọn ọmọdé ṣe di tèmi nìyẹn. Àwọn ìyá wọn ló pẹ́ díẹ̀.

Oúnjẹ ló fà á. Àmàlà ni wọ́n fi tọ́ mi, ẹ sì mọ Ìjẹ̀ṣà, tílẹ̀ bá ṣú tí wọn ò gbọ́ dídún odó, bí ẹni pé wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà ni. Mo gún iyán, ó lẹ́mọ. Ìyá ọkọ mi ṣa ẹmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n jẹ ìyókù. Nígbà tó dọjọ́ kejì wọ́n mú ọmọ odó fúnra wọn, wọ́n ní máa wò mí, kọ́kọ́ fi ọmọ odó tẹ iṣu náà títí á fi fọ́ kúnná, má tíì gún un, tó bá kúnná tán kó o tó wá máa gún un, má sì da omi sí i bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Wọn ò rẹ́rìn-ín o, àmọ́ wọn ò kúrò nídìí odó yẹn títí mo fi gún un tán.

Ìgbà tí bàbá àgbà kan nínú ilé wá kú, ẹgbẹ́ obìnrin ilé ránṣẹ́ sí mi. Iye tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan máa dá rèé, aṣọ rèé, ìwọ, ìdí ata lo wà. Ata òkú! Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ojú ń ta mí, bẹ́ẹ̀ inú mi ń dùn, torí ìyàwó kan wà tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn mi, wọn ò tíì pe òun. Ìyàwó Dókítà, òótọ́ lẹ sọ nípa owó yẹn.

Ìyá ọkọ mi ti ń béèrè gbẹ̀gìrì mi báyìí. Iyán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo ti dákẹ́.

ỌMỌ KÁMPỌ́Ọ̀SÌ

Tiwa yàtọ̀ ní tiwa. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹ́ lọ́mọ ta ni ẹ́ nínú kámpọ́ọ̀sì, eré là ń sá, o lè parí yunifásítì kó o má mọ ọ̀nà Ẹnuwá. Ìgbà tí mo kó jáde lọ Asherifa ni mo tó mọ̀ pé ìlú wà lẹ́yìn géètì. Màámi onílé mi ti wà n'Ífẹ̀ kí wọ́n tó kó yunifásítì láti Ìbàdàn wá ní 1967, ti pé wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà ní 1987 ò kàn wọ́n, Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo ní ìdánwò, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á jókòó tì mí kí n jẹ ẹ́ tán lójú wọn, tí ìdánwò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n máa sáré, mọ́tò ò sí ní géètì.

KỌ́PÀ TÍ Ò LỌ MỌ́, Iléṣà

Ọmọ Kàbà ni mí. Ìjọba ló fi mí ránṣẹ́, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. A jáde ní kám̀pù Ẹdẹ, wọ́n gbé mi lọ sílé ìwé kan n'Íléṣà, tíṣà ń pè mí ní kọ́pà, ọmọ ń pè mí ní kọ́pà, ìyá oníbúrẹ́dì ń pè mí ní kọ́pà, ó wá kù díẹ̀ kí n gbàgbé orúkọ mi. Wọ́n fẹ́ràn kọ́pà o, wọ́n á dín owó kù fún ẹ, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ọdún kan ni tìẹ, ta ló fẹ́ kó ọkàn lé ẹni tó ń lọ?

Ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ló gbà mí. Ilé páànù kan lápá Èrèjà, bẹ́ǹṣì ń mì, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kó o gbọ́ ẹni tó ń ròyìn. Ọmọ Arsenal ni mí, ẹ mọ ohun tí ojú wa ti rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n nà wá, bàbá kan tó ń ṣe Chelsea ò jẹ́ n gbádùn, wọ́n ní kí ará Kàbà wá sọ tẹnu ẹ̀. Wọn ò pè mí ní kọ́pà! Mo dá wọn lóhùn, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, a jà á dójú títì. Táyà ni bàbá yẹn ń lẹ̀ ní ìkóríta. Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀ tí mo ní mi ò padà sílé mọ́, àwọn ló bá mi wá yàrá, àwọn ló dúró fún mi níwájú onílé. Títí dòní a ò tíì sọ̀rọ̀ kan tó dáa sí ara wa nípa bọ́ọ̀lù.

ONÍSÌMẸ́ŃTÌ, ọmọ Ọ̀fà

Ẹ má jẹ́ ká tan ẹni tó fẹ́ kó bọ̀ o. Mo ti pẹ́ n'Ífẹ̀ yìí, àwọn ọmọ mi ò mọ ìlú míì, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ n'Ífẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu wọn. Síbẹ̀ tọ́rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, tàbí ta ló máa dupò káńsẹ́lọ̀, ará Ọ̀fà ni mí, wọ́n á ní kí n yọ̀ǹda fún àwọn díẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń rántí pé àlejò ni.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lágere, Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni mò ń sùn. Kí n tó kó dé ni wọ́n ti ń ro ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000 yẹn fún mi, pé tó o bá ti wà lápá ibí o ò gbọ́dọ̀ yọjú sápá ọ̀hún. Ní tèmi o, apá méjèèjì ló ń ra sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ mi, apá méjèèjì ló sì jẹ mí lówó. Àwọn tí ìjà yẹn ṣojú wọn kì í fẹ́ sọ ọ́, èmi náà kì í bi wọ́n.

ÌYÀWÓ DÓKÍTÀ

Ẹ ṣeun gan sà. Àmọ́ ṣé wọn kì í wá tẹ́ ẹ bá ń náwó ni?

ONÍSÌMẸ́ŃTÌ, ọmọ Ọ̀fà

Ìyẹn gan-an ni ò yé mi nípa wọn, màdáámù. Bàbá mi kú l'Ọ́fà, a ti sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn ṣe wí, mo padà wálé wá múra fídáù ọjọ́ kẹjọ. Alága àdúgbò nìkan ni mo sọ fún, mo ní kó kàn bá mi fojú sí ilé. Nígbà tí mo máa jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì ti dúró níwájú ilé, wọ́n ti ra aṣọ, wọ́n ti rán an, ẹnì kan ò ta mí lólobó. Ará Ifẹ̀, ará Mọ̀dákẹ́kẹ́, àwọn tó jẹ mí lówó sìmẹ́ńtì, gbogbo wọn ló wà ńbẹ̀. A ò tíì kúrò ní Ìkìrun tí alága dìde láàárín bọ́ọ̀sì, ó yọ ìwé ẹ̀ jáde, ó ní owó ọlọ́dẹ oṣù yìí ṣì wà nílẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má fi Ọ̀fà bojú. Èmi tí mò ń ṣọ̀fọ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́ sí.