Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí eré Shin-chan: kò sóhun tó sọnù

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀ lórí ìbéèrè mi, pé ṣé ohun tí ènìyàn bá kó jọ nínú eré fídíò Shin-chan tí iléeṣẹ́ Millennium Kitchen ṣe ní 2021 yóò pòórá nígbà tí ọjọ́ méje ìsinmi inú eré náà bá pé. Rárá o. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá ti parí, ńṣe ló tún ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò, ẹja àti àwòrán inú ìwé àkọsílẹ̀ Shinnosuke (Shin-chan fúnra rẹ̀, ọmọ tí à ń darí nínú eré náà) yóò wà níbẹ̀ digbí, nítorí náà ẹ má kánjú rárá.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìlú Asso, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí agbègbè Kumamoto ní Jàpáànì, níbi tí ọmọ náà ti ń fi àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ mú kòkòrò, tí yóò sì tún gbéra lọ sétí odò lọ pẹja. Ó dùn ún wò ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹni tó ní kí n máa kó ìròyìn lọ fún iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ìlú náà kí n lè rówó ná nínú eré náà, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti rí ìdáhùn gbà, ẹ jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ yìí dé.