Kí ni ká pe àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo Sípáníìṣì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Olùkọ́ wa béèrè àkọlé fún iṣẹ́ àkànṣe àwọn ọmọ kíláàsì wọn: ìwádìí lórí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo Sípáníìṣì, àti ibi tí àṣà wọn ti bá tiwa mu tàbí yàtọ̀ sí i. Ẹnì kan dábàá "àwọn orílẹ̀-èdè Sípéènì", òmíràn ní "Ilẹ̀ Látìn", ìyẹn Latin America. N kò fara mọ́ ìkankan.

Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni Sípéènì, Madrid sì ni olú-ìlú rẹ̀. Mẹ́síkò ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ láti 1821. Ta ni nínú wa tó máa gbà kí wọ́n ka Nàìjíríà mọ́ Ìlú Ọba torí pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣèjọba? "Ilẹ̀ Látìn" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kó Brasil tó ń sọ Potogí wọlé, ó wá ti Sípéènì fúnra rẹ̀ síta, pẹ̀lú Equatorial Guinea tó gbòmìnira ní 1968. Malabo, níbi tí Sípáníìṣì ti jẹ́ èdè ìjọba, kò jìnnà sí Kàlàbá. Ó yẹ kí àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kan mú "elédè Sípáníìṣì" wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ gún, àmọ́ púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ sì mọ ohun tí àwọn ọmọ yóò ka "elede" sí. Èmi fara mọ́ "orílẹ̀-èdè onísípáníìṣì", bí a ṣe ń sọ onímọ́tò àti oníbúrẹ́dì. Kò ní kí èdè mìíràn má sí níbẹ̀: òfin Paragúáì ti 1992 fi Guaraní àti Sípáníìṣì ṣe èdè ìjọba, ti Bòlífíà ní 2009 sì ka èdè ìbílẹ̀ 36 mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n dábàá, fún apá àṣà nínú àkọlé náà, ni "ìfigagbága àṣà". Ẹ jọ̀ọ́, ká má lò ó. Ìdíje ni ìfigagbága, ọmọ yóò máa wá ẹni tó borí. "Àfiwé" nìkan náà yóò gbé ọkàn wọn lọ sí àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ nínú ewì. Mo dábàá "ìfàṣàwéra".

Kí ìfàṣàwéra náà sì mú orílẹ̀-èdè kan pàtó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀: *usted* dà bí "ẹ" tiwa, *tú* dà bí "o". Síbẹ̀, ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ọmọ ìyá sí ọmọ ìyá lè máa pe ara wọn ní *usted*. Ní Ajẹntínà, *vos* ló gba ipò *tú*. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé "báyìí ni àwọn onísípáníìṣì ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni" ti ṣì wọ́n mú.

Kúbà ló máa fún wọn níṣẹ́ jù. Nínú ẹ̀sìn àwọn Lukumí níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tó ti ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá lọ, *babalao* àti *iyawó* wà nínú Sípáníìṣì tí wọ́n ń sọ. *Iyawó* ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé sínú awo òrìṣà, ọkùnrin ni o, obìnrin ni. Aṣọ funfun ni yóò wọ̀ fún ọdún kan. Ìyàwó òrìṣà ni àwa nílé náà ń pè é. Olùkọ́ wa, ọmọ tó bá mú Kúbà, ẹ má jẹ́ kó pín ojú ìwé sí "tiwọn" àti "tiwa".