Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ara rẹ̀ léṣe: ibo ni kí a gbé e lọ ní Àbújá?

Ìyá Ìbejì Kúbwà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Kúbwà láti ìgbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ìdánwò WAEC ló sì ń múra sílẹ̀ fún. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé aṣọ alápá gígùn ló máa ń wọ̀, kódà nínú ooru oṣù kẹta tí gbogbo wa ń lé ara wa kiri ìdí fáànù. Nígbà tí ó ń bá mi fọ aṣọ, ó ká apá aṣọ náà sókè láìfura, mo sì rí àpá lórí àpá, òmíràn ti jinná, òmíràn ṣì tutù. Ó ní ológbò ló fi èékánná ya òun. A kò sin ológbò nílé wa.

Ọmọ mi àgbà ló wá sọ fún mi pé ó ti jẹ́wọ́ fún òun pé kì í ṣe pé òun fẹ́ kú, ṣùgbọ́n bí ìrònú bá dé, ìyẹn nìkan ló máa ń jẹ́ kí àyà òun fúyẹ́. Ọkọ mi ní kí a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Aládùúgbò wa kan sì ní bí a bá gbé e dé ilé ìwòsàn, wọn yóò pe ọlọ́pàá, nítorí pé òfin ń fi ẹni tí ó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí a gbé e lọ? Báwo sì ni mo ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ tí kò fi ní sá fún mi?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹbí sábà máa ń fi í pamọ́ títí tí egbò yóò fi kẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi, kì í sì í ṣe pé ó ń wá ẹni tí yóò máa wo òun. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní máa fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ara bá fara pa, ọpọlọ a máa tú èròjà kan jáde tí ń dín ìrora kù, èyí sì wà lára ohun tí ń jẹ́ kí ọkàn tí ó wúwo fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìtura náà kì í pẹ́. Ìtìjú ló máa ń tẹ̀ lé e, ìtìjú á tún bí ìrònú, ìrònú á sì dá ẹni náà padà sí ìdí rẹ̀, títí tí yóò fi di bárakú.

Ewu rẹ̀ kò mọ sí àpá lára. Egbò lè jìn ju bí ẹni náà ti rò lọ, ó lè ba iṣan jẹ́, ó sì lè gba kòkòrò àrùn, títí kan tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ń pa ènìyàn. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tí ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ kú lónìí, wà nínú ewu àtipa ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ bi í léèrè gbangba bóyá èrò ikú máa ń wá sí i lọ́kàn. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ ní ọjọ́ náà gan-an, tàbí kí ẹ pe 112.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada níbí ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ àti ìdààmú ọkàn. Kí ẹ tó wá, ẹ kó oògùn àti ohunkóhun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe sí abẹ́ kọ́kọ́rọ́, láìpariwo. Ẹ má fi agbára ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ má sì mú un búra pé òun kò ní ṣe é mọ́, torí pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ìbúra náà yóò di nǹkan kejì tí yóò máa fi pamọ́ fún yín.

Lọ́yà Wúsé:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ti ọlọ́pàá, nítorí pé ìbẹ̀rù yìí ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró sílé. Òótọ́ ni pé Abala 231 wà nínú Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Àbújá, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, tàbí kí ó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ní tèmi, ó yẹ kí a ti wọ́gi lé e. Ta ló ń fi ẹ̀wọ̀n wo aláìsàn sàn? Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú láti kú ni abala náà ń sọ, kì í ṣe ohun tí ọmọ yín ṣàlàyé yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tí ó rọ́pò Lunacy Act, òfin ayé àwọn amúnisìn lórí àwọn tí wọ́n ń kà sí wèrè, èyí tuntun náà sì ka ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú sí aláìsàn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti iyì. Ẹ gbé ọmọ lọ.

Alàgbà Jọ́ọ̀sì:
Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí àìrí ló ń darí irú nǹkan báyìí. Bàbá ilé kò ṣìnà tí ó ní kí a gbé e lọ fún àdúrà. Dókítà lè fi oògùn sí egbò, kò lè rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣàkẹ́ Kàdúná:
Alàgbà, mo kúnlẹ̀ kí n tó fèsì. Ohun tí ó wà lẹ́yìn egbò náà gan-an ni wọ́n ń wá ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá di egbò nìkan ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Èmi tí mò ń kọ èyí ti ṣe é rí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Zaria, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá wa tí ó mọ̀. Ìyá mi tí ó gbọ́ kò bú mi. Ó kírun àsùbáà, ó ṣe àdúà lé mi lórí, a sì wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ ní Barnawa, ní Kàdúná níbí, ní òwúrọ̀ yẹn kan náà. Àdúrà àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà nílé wa.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú mi. Obìnrin tí ó gbà mí nímọ̀ràn kọ́ mi láti mọ àmì tí ó máa ń ṣáájú (tèmi ni pé ọwọ́ mi á tutù, àyà mi á sì máa lù kìkì), kí n sọ ohun tí ó ń ṣe mí ní pàtó, ìbínú ni tàbí ìtìjú, kí n bọ́jú, kí n jáde síta láàárín ènìyàn tàbí kí n pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, títí tí yóò fi rọlẹ̀. Ó máa ń rọlẹ̀. Marsha Linehan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ọ̀nà ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní DBT fún irú ìṣòro yìí, òun náà sì jáde sọ ní ọdún 2011 pé òun ti ṣe ara òun léṣe nígbà èwe òun. Ìyá Ìbejì, ẹ má retí pé yóò tán ní ìpàdé kan. Ó tún ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. A kàn ń bá a lọ ni.

Ìyá Ìbejì Kúbwà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo pè é kí ó wá bá mi ṣa ẹ̀wà, mo sì sọ fún un pé mo rí àpá ara rẹ̀, inú kò bí mi, ohun tí ó ń dùn ún ni mo fẹ́ gbọ́. Kò gbójú sókè. Ó ń ṣa òkúta tí kò sí nínú ẹ̀wà, ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ máa sọ fún Mọ́mì?" Mo bi í nípa ikú, ó ní rárá, ó sì ti gbà láti lọ. Ọkọ mi náà gbà pé kí ilé ìwòsàn ṣáájú, kí pásítọ̀ wá gbàdúrà nílé. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà pé dókítà ọkùnrin yóò ní kí òun bọ́ aṣọ. Ṣé a lè sọ pé obìnrin ni a fẹ́? Kí sì ni kí n sọ fún ìyá rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada:
Ẹ lè béèrè fún dókítà obìnrin, bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ó dá wọlé fún apá kan ìjíròrò náà, kí ẹ̀yin jókòó síta. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í lè sọ gbogbo inú wọn níwájú ẹni tí ó ń bọ́ wọn. Egbò tí ó ṣì tutù ni wọn yóò fẹ́ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí ìyá rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yan bóyá òun ni yóò sọ ọ́ tàbí ẹ̀yin, kí ẹ sì bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí ó má wá sunkún sí i létí lórí fóònù. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìbánigbófò ìlera NHIA, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé tí yóò darí yín wá síbí láti ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí, kí ẹ sì tètè dé, nítorí pé èrò máa ń pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì.