Fọ́tò inú omi tó kù díẹ̀ kọ́wọ́ yín tẹ̀: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ògo-Olúwa: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ti kámẹ́rà bọ omi, èwo ló bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tó ṣì ń dùn yín? Tèmi rèé. Lásìkò ọyẹ́, mo lọ sétí dáàmù Erinlẹ̀ l'Ẹdẹ torí omi máa ń mọ́ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo so kámẹ́rà mọ́ igi gígùn, mo rọra ń tì í wọlé, ni mo bá rí ìyá èpìyà kan, àwọn ọmọ ẹ̀ wẹẹrẹ yí i ká. Bí òjìji mi ṣe bọ́ sójú omi báyìí, ìyá la ẹnu, gbogbo ọmọ bá wọ́ wọnú ẹnu ẹ̀! Níṣojú mi kòrókòró! Mo délé mo wo fídíò, ìrù lásán ni mo bá. Mo ti padà lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, mi ò rí i mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Bàbá ni o, kì í ṣe ìyá. Bàbá ló ń gbé ọmọ sẹ́nu.

Ọmọ Ògo-Olúwa: Ẹ̀yin mà, ìyá ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí, etí ọ̀sà, ta ló fẹ́ kọ́ mi lẹ́ja?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Èpìyà tí wọ́n ń pè ní Nile tilapia, ìyá ló ń gbé ẹyin àti ọmọ sẹ́nu. Èyí tí àgbọ̀n ẹ̀ dúdú tó pọ̀ nínú ọ̀sà lápá Èkó, bàbá ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ ṣé. Mo ní mi ò purọ́.

Ọmọ Apẹja: Èmi mọ ìdí tó o fi bá ìrù. Òkè lo ti ń wo ẹja, o wá ń na kámẹ́rà síbi tójú ẹ rí i. Omi ń tan ojú jẹ, ẹja máa ń wà nísàlẹ̀ ibi tá a ti rí i. Bàbá mi tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja, ìsàlẹ̀ ló máa ń gún, kì í tàsé. Tún wò ó, gbé kámẹ́rà jókòó sórí òkúta kó máa ká fídíò lọ, kó o kúrò níbẹ̀, òjìji ẹ ló dẹ́rù bà á.

Ọmọ Ògo-Olúwa: Háà. Mi ò ronú débẹ̀ rárá!

Àrọ̀ Ńlá: Tèmi, kòtò ẹja ẹ̀gbọ́n mi l'Òkìnní. Àrọ̀ máa ń gòkè wá gba afẹ́fẹ́, mo wá ní kí n ya ẹnu ẹ̀ látìsàlẹ̀ bó bá ṣe ń la omi. Mo dúró títí ọrùn fi ń dùn mí, bó ṣe gòkè mo tan fíláàṣì, gbogbo ẹrẹ̀ inú omi ló tàn, fọ́tò wá funfun bíi pé wọ́n da gààrí sí i. Ẹnu ẹ̀ wà lẹ́yìn gààrí yẹn, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọmọ Apẹja: Má fi iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì mọ́, gbé e jìnnà sápá kan, kó o sún mọ́ ẹja gan-an. Omi tó wà láàárín yín ló ń kó ẹrẹ̀ wá.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ṣẹ́ ẹ jẹ àrọ̀ náà?

Àrọ̀ Ńlá: A jẹ ẹ́ mà.

Tósìn: Ṣé kò sẹ́ni tó ti gbé kámẹ́rà wọ odò ní Igbó Ọ̀ṣun rí? Ẹja ibẹ̀ á tóbi o, wọn kì í pa wọ́n.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Tósìn: Yíyà kọ́ ni pípa o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Iṣẹ́ Ọ̀ṣun ni ẹja yẹn ń jẹ́. Ọba Láròóyè tẹ́wọ́, ẹja wá bá a, ibẹ̀ ni Àtáọ́ja ti wá: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ ti irin bọ ibẹ̀ kó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Bọ̀dé Òkè-Baálẹ̀: Ẹ tiẹ̀ gbà á láyè, kí lẹ fẹ́ rí? Lọ́dún 2005 ni UNESCO ka igbó yẹn mọ́ ohun ìní gbogbo ayé, ẹ wá wo omi ẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà lókè odò ti sọ ọ́ di bíi tíì oní-mílíìkì. Nígbà tí mo wà ní kékeré mò ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi níbẹ̀. Fọ́tò tó dùn mí jù nìyẹn, mi ò ní kámẹ́rà nígbà náà.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Òótọ́ ni. Èmi náà rántí omi yẹn.

Ọmọ Ògo-Olúwa: Sátidé mò ń padà sí Ẹdẹ, mo ti rí òkúta tí mo máa gbé e lé. Ẹni tó bá ń bọ̀ kó sọ̀rọ̀ kílẹ̀ Fúráídè tó ṣú.

Àrọ̀ Ńlá: Mò ń bọ̀. Mi ò ní mú fíláàṣì wá.